Ojú Tí À Ń Gbé Gun Orí Ìtàgé

Ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn nínú bándì wa láti bí oṣù mélòó kan. Bí ẹ̀rù bá ń bà wá, tí a sì gun orí ìtàgé, tí a rẹ́rìn-ín músẹ́, tí a na àyà bí ẹni pé orí ìtàgé ni wọ́n bí wa sí, ṣé irọ́ là ń pa fún àwọn tó ń wò wá?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ní, "Kí ló kan irọ́ níbẹ̀? Ṣebí eré ni." Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè kò wá àríyànjiyàn wá. Onígìtá wa ni, ó sì ń rò ó láti fi bándì sílẹ̀. Ó ní bí òun bá ń rẹ́rìn-ín sí èrò nígbà tí inú òun ń gbọ̀n, ó máa ń ṣe òun bíi pé òun ń lu àwọn èèyàn ní jìbìtì. Ó ní wọ́n tọ́ òun dàgbà pé kí inú òun àti ìta òun jẹ́ ọ̀kan. Irọ́ ti pọ̀ jù nílẹ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá ní òun ò fẹ́ fi tòun kún un, kò yẹ ká fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ irú èèyàn tí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Èèyàn mẹ́fà ni wá ní Ṣàngó-Ọ̀tà níbí, orin kọ́ ló ń bọ́ ẹnì kankan nínú wa. Méjì ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ ńlá, onígìtá wa wà nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́. Onílù wa ń ta páàtì ọkọ̀. Akọrin wa ń ránṣọ. Ẹni tó ń kọ èyí sílẹ̀ fún gbogbo wa kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ètò kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ jẹun: kíbọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ níbi iṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù náà ló ń tẹ̀ nínú bándì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú là ń ṣe ìdánrawò, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ẹni tó bá ti ṣíìfù òru dé máa ń gbé oorun ojú rẹ̀ wá. Bí ọ̀nà bá dí lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, ìgbà wo ni kì í dí, a máa dúró de ara wa. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí, ìnáwó òkú àgbà, ibẹ̀ là ń ṣeré. A kì í ṣe gbajúmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yìí fi le fún wa. Gbajúmọ̀ ti ní orúkọ tó ń ṣáájú rẹ̀ dé òde. Àwa, ojú wa nìkan la ní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Bí àwọn èèyàn bá ń gbani nímọ̀ràn nípa orí ìtàgé, wọ́n á ní kí o láyà. Àwọn míì á ní kí o fọkàn balẹ̀. Àwọn míì á ní kí o dá ara rẹ lójú. Gbogbo wọn dára, àmọ́ ẹ wò wọ́n dáadáa: inú ẹni tó ń ṣeré ni gbogbo wọn wà. Bí àyà kò bá sí nínú rẹ, tí o sì ṣe bí ẹni tó láyà, a jẹ́ pé òótọ́ lonígìtá wa sọ, ìta rẹ ti yàtọ̀ sí inú rẹ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọn kì í sábà dárúkọ: ọ̀yàyà. Ẹnì kan kì í dá jókòó sínú yàrá kó máa ṣe ọ̀yàyà. Èèyàn ni à ń ṣe é sí. Onílé tó lọ́yàyà ni ẹni tí àlejò rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ òun níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni onílé san owó ilé-ìwé ọmọ tí kò sì ku nǹkan kan lápò rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ó máa dìde, ó máa ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Kò sẹ́ni tó máa pe onílé yìí ní òpùrọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé fún òun. Ohun tó ń fi ojú rẹ̀ sọ ni pé, "Wàhálà mi kì í ṣe ẹrù yín."

Èrò tiwa nìyí: ọ̀yàyà ni orí ìtàgé ń béèrè lọ́wọ́ wa, ju àyà lọ. Ẹni tó wá síbi ìnáwó kò wá wádìí bóyá ẹ̀rù ń bà wá. Ó ti jókòó sínú gó-sílóò láti aago mẹ́jọ, ó ti ra aṣọ ẹbí, ó fẹ́ jó. Bí akọrin bá gun orí ìtàgé tó ń wo ilẹ̀, tó ń tọrọ gáfárà nínú gbogbo orin, iṣẹ́ tuntun ló gbé fún àlejò yẹn. Àlejò á wá máa bá a ṣàníyàn, á máa gbàdúrà kó má baà ṣìnà. Ijó á kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè wá jayé ti di alábòójútó wa.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú náà wà níbẹ̀ o. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa, wọ́n ti kọ́ ọ pé kì í tẹjú mọ́ àgbà bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú ràn-ìn, orúkọ wà tí wọ́n ń pè é. Kí wọ́n wá gbé máìkì fún ọmọ yìí lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ní kó wo gbogbo ojú tó wà nínú họ́ọ̀lù. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe àìsàn? Ẹ̀kọ́ ilé ló ń ṣiṣẹ́. Akọrin wa máa ń lọ kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá tó wà ní tábìlì iwájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ti wà lókè, ó ń pàṣẹ fún àwọn ìyá kan náà pé, "Ẹ dìde jàre, kò sí ìjókòó lónìí!" Wọ́n á sì dìde, ẹ̀rín á máa pa wọ́n. Èwo ni òun gan-an nínú méjèèjì, ẹni tó kúnlẹ̀ àbí ẹni tó pàṣẹ? Àwọn ìyá yẹn kò béèrè rí. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kíkúnlẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí àṣẹ yẹn dùn létí wọn.

Ẹ tún wo alága ìjókòó níbi ìdána. Ó lè má pàdé ìdílé ọkọ rí títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ yóò dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbowó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọlé. Yóò ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ tán, ó lè ní kò tíì dára tó, kí wọ́n tún un ṣe. Bí obìnrin yìí bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àjèjì nínú ọjà Ṣàngó lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á ní ojú ò tì í. Níbi ìdána, gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn ni wọ́n yá a ní agbára yẹn, àti pé bí ìnáwó bá parí, yóò dá a padà. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Níbi tí a kò bá sì ti rí ẹni tí wọ́n tàn jẹ, ó ṣòro láti rí irọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Ọ̀tà. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà kó tó di ìlú ilé iṣẹ́ ńláńlá, Gẹ̀lẹ̀dé sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé agbègbè Kétu, tó wà ní ilẹ̀ Benin báyìí, ló ti ṣẹ̀ wá. UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì fi sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ọkùnrin ló ń jó o. Yóò wọ aṣọ bí obìnrin, yóò gbé igi tí wọ́n gbẹ́ lérí, yóò sì fi ijó yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Kò sí ọmọdé kan tí kò mọ̀ pé ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Síbẹ̀ wọ́n ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dé ti dópin ìran. Ohun tí ojú rí yẹn kì í ṣe ayédèrú lójú wọn.

Apá kan Gẹ̀lẹ̀dé wà tó wúlò fún àwa olórin gan-an. Lóru, kí ijó ọ̀sán tó dé, Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń jáde. Ẹ̀fẹ̀ ló ń fi orin ta ìlú jí, tó ń dẹ́bi fún oníwà burúkú láìka ipò rẹ̀ sí. Ìgboyà tó ju ìyẹn lọ, níbo la ti fẹ́ rí i? Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ìgboyà bẹ̀rẹ̀. Ìbà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn tó ti lọ, kó tó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wé ìmọ̀ràn tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí: gba ara rẹ gbọ́, ìwọ lo ni gbogbo rẹ̀, wọlé bí ọba. Ìbà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìbà ní kí o kọ́kọ́ ka àwọn tó ń bẹ lẹ́yìn rẹ. Ẹni tó bá ka ọ̀gá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àti onílù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní rò pé òun nìkan ló dá dúró níwájú èrò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rù orí ìtàgé, inú ìrò yẹn ló ti ń jáde.

Lágbájá náà yẹ fún àpẹẹrẹ. Bísádé Ológundé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990 ló ti ń fi aṣọ bo ojú rẹ̀ pátápátá lórí ìtàgé. Orúkọ tí à ń pe ẹni tí a ò dárúkọ ló fi sọ ara rẹ̀, ìbòjú náà sì dúró fún mẹ̀kúnnù tí kò sẹ́ni tó ń wo ojú wọn. Kò sẹ́ni tó ní ó ń purọ́ nítorí pé ó bo ojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tilẹ̀ rí ara wọn nínú ojú tí wọn ò rí yẹn.

Onígìtá wa gbọ́ gbogbo èyí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dé gbé igi sórí kí ẹni gbogbo rí i, òun kò gbé nǹkan kan. Ẹ̀rín òun ló jọ ẹ̀rín tòótọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. A ní láti bi í ní ìbéèrè tiwa: ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rù ni òtítọ́ tó wà nínú rẹ? Ẹ̀rù wà níbẹ̀, a gbà. Ìka tó ti ń ta gìtá fún ọdún mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó gbé oorun ojú wá sí ìdánrawò, inú rẹ̀ ni wọ́n wà. Bó bá rẹ́rìn-ín, kí ló dé tí a ò fi lè gbà pé àwọn ìyẹn ló ń fara hàn?

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn èèyàn ti rí nǹkan tó bá èyí mu. Ní 2003, Kenneth Savitsky àti Thomas Gilovich gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rò pé gbogbo èèyàn ń rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn, àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ wọn kò rí i tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wú wa lórí jù ni pé àwọn tí wọ́n ti sọ èyí fún ṣáájú sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tí wọn ò sọ fún lọ. Ní 2014, Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Harvard ní kí àwọn kan sọ pé ara àwọn ń yá gágá kí wọ́n tó kọrin, ó sì ní kí àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Àwọn tó ní ara àwọn ń yá ló kọrin jù. Àyà tó ń lù kì-kì-kì nígbà tí ẹ̀rù bá bani, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lù nígbà tí ara bá ń yáni. Orúkọ tí a sọ ọ́ ló yàtọ̀. Ẹ̀rù kò sì fi hàn pé èèyàn kò mọ iṣẹ́. Barbra Streisand gbàgbé ọ̀rọ̀ orin níwájú èrò rẹpẹtẹ ní Central Park, New York, ní 1967, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló fi ń sá fún eré gbangba. Ta ló máa sọ pé Streisand kò lè kọrin?

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká rò pé gbogbo ojú tí a bá gbé síta ló dára. Gbogbo ẹni tó ń tajà ní Ṣàngó mọ álẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Oníbàárà á ní òun ti sanwó, fóònù á dún, iye owó á hàn, á gbé ọjà lọ. Nígbà tó bá di alẹ́, kò sí kọ́bọ̀ ní báńkì. Ojú fóònù dára, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú ìfipamọ́ mìíràn tí kò burú. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń já, ètò tó dára kì í da gbogbo ìdààmú rẹ̀ sójú oníbàárà. Yóò ní kó ní sùúrù díẹ̀, yóò sì máa gbìyànjú lábẹ́lẹ̀ títí owó náà fi máa wọlé. Bí kò bá sì wọlé, yóò sọ bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ló fi nǹkan pamọ́. Ètò tó dára fi pamọ́ pé iṣẹ́ le. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú fi pamọ́ pé iṣẹ́ kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá lọ́dún tó kọjá. Ìdílé kan pè wá sí ìgbéyàwó, ìyàwó ní orin kan tó fẹ́ fi wọlé, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Ṣíìfù kò jẹ́ kí àwa mẹ́fà lè pàdé. Bándì pín sí méjì. Àwọn kan ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ojú gbé e. Ẹ̀rín, ijó, ariwo sípíkà, ta ló máa mọ̀?" Àwọn tó kù kò gbà. Níkẹyìn a pe ìyàwó, a sọ fún un pé a ò tíì mọ orin náà dé ibi tó yẹ ọjọ́ rẹ̀, a sì dárúkọ mẹ́ta tí a mọ̀ dáadáa. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí DJ fi ti àwo gbé òun wọlé, kí àwa máa bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọlé ìyàwó ni owó máa ń pọ̀ sí jù fún bándì. A pàdánù rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò kan wà tí à ń ṣe. Bí àwọn tó ń wò wá bá padà mọ ohun tí a fi pamọ́, ṣé inú máa bí wọn? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ akọrin ń gbọ̀n nínú orin àkọ́kọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín ni, wọ́n á ní, "Háà, a ò mọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n lè tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá gbọ́ pé a ò ṣe ìdánrawò orin ìyàwó rárá, pé ẹ̀rín la fi bò ó, wọ́n á béèrè owó wọn, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ẹ̀rù jẹ́ tiwa, a lè fi pa mọ́. Iṣẹ́ jẹ́ tiwọn, wọ́n ti sanwó rẹ̀, a ò lè fi pa mọ́ fún wọn.

Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti máa ń rí wa mú jù ni ìyìn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkùnrin kan á jáde pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ara akọrin á yá, ẹnu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú ọkàn. Kí ó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún, ọkùnrin tí a ò mọ̀ rí ti di ẹni tó ń bọ́ gbogbo ìlú. Ara yíyá ti di ọjà, à ń tà á. Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni má yin olówó, ìyìn ti wà nínú orin wa kó tó di pé wọ́n bí wa. Òfin tí a ṣe fún ara wa ni pé ohun tí a bá rí la máa yìn: ó jó dáadáa, a yin ijó rẹ̀, ó bu ọlá fún ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a yin ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀. Ohun tí a ò bá mọ̀, a ò ní bá a fi orin jẹ́rìí sí i. Owó kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kò burú.

Ohun kan tún kù tó ń yọ onígìtá wa lẹ́nu: ó rò pé ojú kan ṣoṣo ló wà fún orí ìtàgé, pé ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín kó máa fò sókè kò yẹ níbẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sunday Adéníyì ń ṣeré nínú Federal Rhythm Dandies, bándì Moses Ọláìyá. Ní 1967 ó lọ dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀. King Sunny Adé nìyẹn. Ọ̀gá tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló wá di Bàbá Sálà tí gbogbo ilé ń wò. Inú bándì kan náà làwọn méjèèjì ti wá, àmọ́ ẹ wo bí ojú wọn ṣe yàtọ̀. Bàbá Sálà gbé gíláàsì ràgàjì sójú, ó so aago ńlá mọ́ra, ó sọ ara rẹ̀ di ẹni à ń fi rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì fi di họ́ọ̀lù mú. Sunny Adé ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Fẹlá, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní 1938, lópin ọ̀nà tó gba iwájú wa kọjá yìí, kì í pọ́n èrò lé. Ó ń bá wọn jà, ó ń bú wọn, orin tó bá sì ti ṣe sínú àwo, kì í fẹ́ kọ ọ́ fún wọn mọ́ bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó. Ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n fi jọra ni pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ kí èrò rò pé àwọn dá nìkan wà.

A rí irú rẹ̀ lójú ara wa nínú họ́ọ̀lù kan nítòsí Tollgate, níbi ìnáwó òkú ìyá àgbà kan. Àárín orin la wà tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Sípíkà dákẹ́, kíbọ́ọ̀dù kú, gìtá kú, iná lọ. Onílù wa kò dúró. Akọrin bọ́ sílẹ̀ sáàárín àwọn tó ń jó, ó ń fi ohùn lásán kọ ọ́ lọ, èrò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Onígìtá wa rí bàbá àgbàlagbà kan tó dúró gbagidi sínú òkùnkùn, tí kò mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Ó gbé gìtá sílẹ̀, ó lọ dúró tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ìlù, bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí iná fi dé, kò sí ẹni tó fẹ́ kí orin yẹn tán. Nígbà tí a bi onígìtá wa bóyá ẹ̀rù bà á nínú òkùnkùn yẹn, ó ní ó bà á gan-an. Kò rántí bóyá òun rẹ́rìn-ín àbí òun ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran. Ojú tirẹ̀ ríran lọ́jọ́ yẹn. Bàbá yẹn ló rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tilẹ̀ mọ gìtá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ẹni tó fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, ẹni tó fẹ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹni tí wọ́n ní kó wá dúpẹ́ lórúkọ ìdílé níbi ìnáwó, gbogbo yín lẹ máa gbọ́ pé ẹ láyà. Àyà lè má wá lọ́jọ́ náà o. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín kí ọjọ́ tó pé, kí ojú tí ẹ máa gbé síta lè ní nǹkan lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹnì kan nínú àwọn tó jókòó síwájú yín, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹni yẹn wá gbà, kí ẹ sì gbé e fún un. Ẹ̀rù lè bá yín dé ibẹ̀. Kò dí yín lọ́wọ́.

Onígìtá wa kò tíì sọ ìpinnu rẹ̀. Ó ní òun á bá wa ṣe é di ọdún tuntun, ká tó sọ̀rọ̀. A ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó ní kó rẹ́rìn-ín mọ́ bí ẹ̀rín kò bá wá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ní kí a gbé àga òun kúrò lẹ́yìn sípíkà ńlá. Ó fẹ́ máa dúró sí apá òsì, níbi tí òun á ti máa rí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó.